Àga Bàbá Mi ni Mo Fi Kọ́ Èdè Sípéènì

Lọ́dún tí mo jáde ní yunifásítì, nígbà tí ìpínlẹ̀ Kwara ṣì jẹ́ ọmọdé, ìbẹ̀rù ni mo fi ń jí láràárọ̀. Sísítà àgbàlagbà kan, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọ Àgùdà nítòsí wa ní Òmù-Àrán, ló dá ìbẹ̀rù náà sílẹ̀. Ó ní ilé ìwé kan wà nílùú òun ní Sípéènì tí yóò gba ọmọ ilẹ̀ wa kan fún ọdún kan. Bí mo bá lè sọ èdè wọn díẹ̀ kí òjò tó dá, òun yóò fi orúkọ mi ránṣẹ́. Mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ lọ débi pé ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní lè lọ, ojú sì tún ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò dúró lórí mi. Èyí tí mo bá kọ́ láàárọ̀, á ti sá lọ kí n tó jẹun ọ̀sán. Sísítà wá ní, "Gbé ìwé tì. Mú ohun kan ṣoṣo nínú ilé yín, kí o máa bá a sọ̀rọ̀. Mú àga."

Silla ni wọ́n ń pe àga. Àga tó dára jù nílé wa ni ti bàbá mi, igi ìrókò, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Pata ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún ẹsẹ̀ ẹran. Brazo ni apá rẹ̀, bí apá èèyàn gan-an. Inú mi dùn kọjá bó ṣe yẹ, torí ó jọ pé àwọn tí n kò rí rí náà ń wo àga bí a ṣe ń wò ó. Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sórí odindi gbólóhùn: àga náà tóbi, bàbá mi jókòó lórí àga, bàbá mi ń sùn lórí àga.

Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, ń kọjá lọ. "Ẹ wá wo ọmọ tí mo rán ní yunifásítì. Àga ló ń kí!"

"Ẹ jẹ́ ó máa kí i," ni ìyá mi wí. "Ọjọ́ tí àga bá dáhùn, gbogbo wa la máa sá."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kò jáde lẹ́nu mi: mo jókòó lórí àga. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá wà láyé. Bí ẹni ń sọ fún un pé kó ṣípò ni. Gbogbo ìgbà tí Sísítà bá bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o máa ń jókòó níbẹ̀?" mo máa ń padà sórí bàbá mi tó ń sùn lórí àga ni. Ó rò pé n kò mọ̀ ọ́n sọ ni. Èmi náà kò lè ṣàlàyé. Mo ń bẹ̀rù pé á kà wá sí ará oko. Níkẹyìn ó ní òun ń bọ̀ nílé wa ní Sátidé láti dán mi wò, àti pé èdè Sípéènì nìkan ni òun yóò gbọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé, bàbá mi wà ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nígbà tí Sísítà wọlé. Ó ní, "Ẹ kú ilé o," torí ìkíni nìkan ló gbọ́ nínú Yorùbá. Kí a tó fi bẹ́ǹṣì hàn án, ó ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí àga bàbá mi.

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Sọ fún un!"

"Màmá, kí ni kí n sọ?"

"Èmi ni mo gbọ́ èdè wọn ni? Kí lo ti ń kọ́ látọjọ́ yìí?"

A ti ń gbọ́ sálúbàtà bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bá la ẹnu: "¡Levántese, por favor! Es la silla de mi padre. Yo no me siento. Mi madre no se sienta. ¡Mi padre vive!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Àga bàbá mi ni. Èmi kì í jókòó níbẹ̀. Ìyá mi kì í jókòó níbẹ̀. Bàbá mi wà láyé!

Sísítà fò dìde bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ jẹ. Orí ìdúró ni bàbá mi bá àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Kí ló ṣe yín? Ọlọ́pàá ló ń bọ̀ ni?"

Sísítà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí mo wí fún un. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jókòó síbẹ̀ o jàre, àlejò wa. N kò tíì ṣe tán láti lọ." Sísítà kọ̀, ó lọ jókòó ti ìyá mi lórí bẹ́ǹṣì, ó sì yíjú sí mi. Ó ní látìgbà tí òun ti mọ̀ mí, òní ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láìwá ọ̀rọ̀ kiri. Ní Mọ́ńdè, òun yóò fi orúkọ mi ránṣẹ́.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ayọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dà bíi pé wọ́n sọ ẹrù tó wúwo kalẹ̀ lórí mi, tí ọrùn mi kò sì tíì gbà pé ó ti kúrò. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

"Bi í léèrè," ni ìyá mi wí, "ṣé wọ́n ń jẹ iṣu lọ́hùn-ún?"

Mo bi í. Ó ní ọ̀dùnkún òyìnbó ni wọ́n ń jẹ.

"Ọ̀dùnkún! Fún odindi ọdún kan?" Ìyá mi ti dìde, ó ti ń wá àpò tí yóò di ẹ̀lùbọ́ sí.