Ọmọ Tí A Fi Ń Wọn Yunifọ́ọ̀mù

Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ pé mi ò fìyà jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, mi ò na ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ebi ò sì pa á nílé mi. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá bá mi láti Arímọ̀gìjà. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ó fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ́wọ̀, tí ó ń rán aṣọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ lọ sílé-ìwé.

Télọ̀ ni mí, yunifọ́ọ̀mù ni mo sì ń rán jù. Àdéhùn èmi àti ìyá rẹ̀ ni pé yóò máa lọ sílé-ìwé láàárọ̀, yóò máa kọ́ṣẹ́ tó bá ti dé. Iṣẹ́ pọ̀ ní táàmù àkọ́kọ́, mo ní kí ó jẹ́ kí ìyẹn kọjá ná. Nígbà tí táàmù kejì fi máa dé, ọwọ́ rẹ̀ ti yá nídìí bọ́tìnnì, mi ò sì sọ̀rọ̀ ilé-ìwé mọ́. Ìka kékeré máa ń yá ju tiwa lọ. Gbogbo télọ̀ ló mọ̀, a kàn kì í sọ ọ́ síta. Bí ìyá rẹ̀ bá pè lórí fóònù, ọmọ náà á ní dáadáa ni gbogbo nǹkan ń lọ, mà.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ó ń ṣe fún mi tí kò lórúkọ. Àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kì í ráyè mú ọmọ wá kí n wọ̀n ọ́n. Wọ́n á kàn pè mí pé, “Àǹtí, pírámárì mẹ́rin ló wà, kò ga jù.” Màá ní kí ọmọ yìí dìde. Màá na téèpù sí ejìká rẹ̀, sí àyà, dé orúnkún, màá sì gé aṣọ. Ara rẹ̀ ni ìwọ̀n pírámárì mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù wa. Kí n tó lanu, á ti gbé apá sókè. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ló ń wọ yunifọ́ọ̀mù gbogbo Ọ̀wọ̀, òun náà á sì rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, tíṣà obìnrin kan tó ti ń gbéṣẹ́ fún mi tipẹ́ di ẹrù wọlé. Gbogbo yunifọ́ọ̀mù pírámárì mẹ́rin tí a rán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ló tóbi. Ejìká ń já bọ́, ìsàlẹ̀ ń bò wọ́n lẹ́sẹ̀. Inú bí mi. Mo ní láti ọdún mẹ́ta ni a ti ń lo ìwọ̀n kan náà, ẹnikẹ́ni kò ráhùn rí. Mo pe ọmọ náà kí ó wọ ọ̀kan, kí tíṣà lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó bá a mu wẹ́kú.

Tíṣà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Àǹtí, ọmọ yín ti dàgbà. Kíláàsì wo ló wà?”

Ọmọ náà ló dáhùn, ó dorí kodò: “Pírámárì mẹ́rin, mà.”

Pírámárì mẹ́ta ló parí kí ó tó kúrò nílé. Láti ìgbà náà ló ti ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí débi pé ńṣe ni mo jágbe mọ́ ọn kí ó bọ́ aṣọ aláṣọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo mú un lọ sílé-ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n dá padà ló wọ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, mo ní kí a má gba ọmọ tí kò tíì parí pírámárì mẹ́fà mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọmọ náà nídìí ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù. “Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní ìyá wọn, mà. Ẹ jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́.”

Ì bá wù mí kí n sọ pé mo bá a wí. Irọ́ ni. Inú mi dùn. Ẹ̀yìn ń ro mí, aṣọ tí mo ní láti tú kí n tún rán kún ilẹ̀. Mo na abẹ́rẹ́ sí i.

Ó rán bọ́tìnnì méjì. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò gbójú sókè: “Òní ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa ní ìṣirò pípín.”

Mo gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. “Dìde, jẹ́ ká máa lọ.”

“Ta ló máa wá rán bọ́tìnnì, mà?”

“Èmi ni.”

Èmi náà ni mò ń rán an títí di òní. Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, n kò sì lè parí iṣẹ́ lásìkò. Tíṣà yẹn ti gbé tiwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ó ní wọ́n yára níbẹ̀. Mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá. Ọmọ tí wọ́n fi sídìí bọ́tìnnì kéré sí tèmi.