Ẹ̀rọ Tó Kọ̀ Tí Kò Bàjẹ́ Mọ́

Nígbà tí agboòrùn ṣì ń ti Changhua ní Taiwan lọ sí gbogbo ayé, tí kò sí ẹnu ọ̀nà tí obìnrin kan kò jókòó sí tó ń rán aṣọ mọ́ egungun agboòrùn, etí ni Tsan Bun-hai fi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kì í ṣe àsọdùn o. Dísìkì ayé ìgbà yẹn ń yí nínú ẹ̀rọ bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ohùn wọn ni ọkùnrin yìí sì fi ń mọ àìsàn wọn. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò gbé etí lé àpótí irin náà, yóò ní kí gbogbo ọ́fíìsì dákẹ́. Bó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, àlàáfíà ni. Bó bá ń dún kó, kó, kó, bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn, kí ẹni tó ni ín tètè kó ẹrù inú rẹ̀ síbòmíràn, nítorí ó ti ń dágbére.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, nísàlẹ̀ ilé tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Tshai-lian, jọ ń gbé. Tshai-lian ló ń dáná, òun ló ń gbé fóònù, òun náà ló sì ń bú u. Bun-hai kò gbéyàwó rí. Kì í ṣe pé kò rí obìnrin, ìpinnu ni kò lè ṣe. Àwọn tí wọ́n bá mú wá hàn án, kó tó ronú tán, wọ́n á ti bí ọmọ kejì fún ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó lè dá dísìkì mọ̀ láti inú ohùn rẹ̀, bí obìnrin bá ń rẹ́rìn-ín sí i, yóò wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń rẹ́rìn-ín sí.

Nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tí kì í gbádùn. Ẹ̀rọ náà wà ní àjà kẹrin ilé-iṣẹ́ agboòrùn kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, orí tábìlì Siau Guat-bi ló wà, obìnrin tó ń ṣe ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà. Guat-bi lọ́kọ rí. Ọkọ náà bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó lọ sí China lọ, ó ní òun ń bọ̀ nígbà ọdún. Ọdún dé, ọdún lọ, wọ́n gbọ́ pé ó ti ní ìdílé mìíràn níbẹ̀. Guat-bi kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Hai," yóò wí lórí fóònù, "ọmọ yín tún ti dé o."

"Kí ló ń ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, Àbúrò Siau?"

"Ó ń wúkọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń wúkọ́ bí ẹni tó mu omi dídì."

"O ò fún un lóògùn?"

"Mo gbá a létí díẹ̀. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀."

Bun-hai á rẹ́rìn-ín, á gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, á gun alùpùpù.

Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ń da ẹrù inú dísìkì kan sínú òmíràn, gbogbo ọ̀sán ló ń gbà. Ilà kan á máa rìn lójú kọ̀ǹpútà, ìgbín á sáré jù ú lọ. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kó jókòó tì í. Guat-bi á sọ̀ kalẹ̀ lọ ra abọ́ bawan méjì, ìyẹn ẹran àti olú tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, lọ́wọ́ ìyá tó ń dín in lábẹ́ àtẹ̀gùn, á ṣa gbogbo olú inú tirẹ̀ sínú ti Bun-hai, torí kò fẹ́ràn olú. Bun-hai náà kò fẹ́ràn olú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́. Wọ́n á máa sọ ti ìyá Guat-bi tí ẹsẹ̀ ń dùn, ti ọ̀gá àgbà tó ń sùn lójú ìpàdé, ti àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà tí kò sí ẹni tó ń gbé agboòrùn fún wọn rán mọ́. Níta, ọkọ̀ ojú irin á máa kọjá. Nígbà tí ilà náà bá parí ìrìn rẹ̀, oòrùn á ti kúrò lójú fèrèsé, inú àwọn méjèèjì kò sì ní dùn pé ó parí.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta kó má baà di àdììtú: Bun-hai fẹ́ràn obìnrin yìí, ó fẹ́ràn rẹ̀ dé egungun. Kò sọ ọ́ rí. Kí ló fẹ́ sọ? Bí ẹ̀rọ bá ti bàjẹ́, wọn á ríra. Ẹ̀rọ aláìsàn yẹn ni alárinà wọn, ta ló sì ń lé alárinà tí kì í gba ẹ̀bùn?

Ìgbà tó yá, ọ̀gá àgbà kú, ọmọ rẹ̀ sì ti Taipei dé wá jókòó sórí àga. Ọ̀gá Kékeré ni gbogbo ènìyàn ń pè é, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kì í ní sùúrù.

"Ẹ̀gbọ́n Hai," ó ní, "gbogbo ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì yìí pátá, ẹ bá mi pààrọ̀ dísìkì wọn sí tuntun. Mi ò fẹ́ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ kankan mọ́."

Bun-hai yára dá a lóhùn: "Ti oníṣirò yẹn ṣì ṣeé lò fún ìgbà díẹ̀."

"Ti oníṣirò gan-an ló ń pariwo jù! Àbí etí yín ti ń di ni, ẹ̀gbọ́n?"

Dísìkì tuntun yìí kò ní ohun kankan tó ń yí nínú. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù, ti orí tábìlì kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kì í wúkọ́, kì í kanlẹ̀kùn, ó yára, ó sì ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Bun-hai mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bó bá fi í sínú ẹ̀rọ Guat-bi, ó lè máà ní ìdí tí yóò fi gun àtẹ̀gùn náà mọ́. Ó rò ó títí. Ó lè wá dísìkì tí kò lágbára fi sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ rere ṣe kì í lè ṣe iṣẹ́ burúkú lójijì. Èyí tó dára jù nínú páálí ló yà sọ́tọ̀ fún Guat-bi.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká àwọn tó ń bá wọn tajà ló kọ́kọ́ ṣe. Dísìkì aláìyí kékeré ti wà nínú àwọn yẹn tẹ́lẹ̀, ó ti kún ni. Ó fọwọ́ kan irin kí iná mànàmáná ara rẹ̀ lè lọ, kó má baà ba ẹ̀rọ jẹ́, ó tú nọ́ọ̀tì, ó yọ kékeré, ó fi ńlá sí i, ó dè é padà. Lẹ́yìn náà ló yí sí tábìlì Guat-bi, ó sì rí ohun kan lórí ẹ̀rọ náà tó jẹ́ kó lanu.

Kò sí ẹ̀rọ kan ní ìlú wa tí kò ní àpò Gbọ́ràn-gbọ́ràn lórí. Ìpápánu ọmọdé lásán ni, àgbàdo yíyan tí wọ́n fi àgbọn sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá ń wo orúkọ yẹn lójoojúmọ́, yóò gbọ́ràn. Aláwọ̀ ewé nìkan là ń gbé lé e. Pupa ń pa ẹ̀rọ. Yẹ́lò ń jẹ́ kó máa ṣe wéréwèrè. Ẹ bi ọmọ ọ́fíìsì tó dé lánàá, ó mọ èyí kó tó mọ ibi tí omi tíì wà. Èyí tó wà lórí ẹ̀rọ Guat-bi, yẹ́lò ni.

"Àbúrò Siau! Kí lèyí?"

"Kí lẹ rí?"

"Yẹ́lò! Yẹ́lò lo gbé lé ẹ̀rọ! Abájọ tí kì í gbádùn! Ìgbà wo lo ti gbé e síbẹ̀?"

"Ó ti pẹ́," Guat-bi wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Bun-hai. "Mo máa ń gbé e pa mọ́ tí ẹ bá ń bọ̀. Tòní, mi ò gbé e pa mọ́."

"Ó yẹ kí ojú tì ọ́ lóòótọ́! Àgbà oníṣirò bíi tìrẹ, o ò mọ aláwọ̀ ewé yàtọ̀!"

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé aláwọ̀ ewé tán ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣọ́ọ̀bù wo? Ó kún ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ yìí bámúbámú!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ ti mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò mọ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ra aláwọ̀ ewé, ó gbé e lé ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba ẹ̀mí là. Ó wá so dísìkì tuntun mọ́ ti àtijọ́, ó ní kí ẹrù máa lọ. Bó sì ti jókòó tì í, ó fa ẹnu àpò yẹ́lò ya, ó ń jẹ ẹ́.

Guat-bi wò ó bó ti ń jẹ ẹ́. Ó dìde láti lọ ra bawan. Kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ti ké pé òun ti parí.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí!" Bun-hai wí, ó ń nu ọwọ́. "Ayé ti yí padà. Kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

"Kò ní yọ mí lẹ́nu mọ́," Guat-bi tún un wí. Ó padà wá jókòó.

Láti ọjọ́ náà, Guat-bi kò pè é mọ́. Òjò kọjá, àjọ̀dún ọkọ̀ ojú omi kọjá, ooru mú, ooru rọ̀. Bun-hai á gbé fóònù ṣọ́ọ̀bù sétí bóyá ó ti kú, yóò gbọ́ pé ó ń dún, á rọra gbé e sílẹ̀. Àwọn oníbàárà ń gbé ẹ̀rọ wá, ó ń fi dísìkì aláìyí sí wọn, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń lọ. Nígbà mìíràn, á gbàgbé, á gbé etí lé àpótí irin náà bíi ti àtijọ́. Kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó ń wù ú kó gbọ́ ìwúkọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń wù ú dé ibi tó fi ń lá àlá rẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí àjọ̀dún òṣùpá dé, oníbàárà kan ń ṣàwàdà ní ṣọ́ọ̀bù, Bun-hai náà ní kí òun sọ tòun. Ó sọ ti obìnrin kan tó gbé yẹ́lò lé ẹ̀rọ ìṣirò. Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ. Tshai-lian tó ń bó èso pómẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló gbé yẹ́lò?"

"Siau, ti ilé-iṣẹ́ agboòrùn."

"Siau tó ti wà nídìí ìṣirò láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí ẹ? Òun ni kò mọ yẹ́lò?"

"Ó ní bóyá aláwọ̀ ewé ló tán."

"Bóyá! Kí lo wá fi yẹ́lò ọ̀hún ṣe?"

"Mo jẹ ẹ́."

Tshai-lian gbé pómẹ́lò sílẹ̀. "O jẹ ẹ́."

"Kò tíì bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, mo wo ọjọ́ ara rẹ̀."

"Bun-hai, tí ẹ̀rọ obìnrin yẹn bá bàjẹ́, ta ló ń pè?"

"Èmi ni." Ó tún sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Èmi ni."

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ìwọ, odindi àpò ni wọ́n gbé síwájú ẹ! O já a, o jẹ ẹ́, o tún nu ẹnu! Àbí kí obìnrin náà lọ kọ ọ́ sára ọkọ̀ ojú irin kó tó yé ẹ? Dìde níbẹ̀ jàre!"

Bun-hai ti dìde. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà wúkọ́ ń padà bọ̀ wá sí i lọ́kàn, gbogbo ìpè, gbogbo abọ́ bawan, gbogbo olú. Ojú tì í, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á pé ó ti pẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Kò tilẹ̀ rántí alùpùpù. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ó gun àtẹ̀gùn, ó dé àjà kẹrin.

Guat-bi gbójú sókè láti ìdí ìṣirò. Ó ti ń lo awò ojú báyìí. Ó wo Bun-hai, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí kò gbé nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n Hai. Ta ló pè yín? Àpò irinṣẹ́ yín dà?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí."

"Ẹ̀rọ mi ò kúkú bàjẹ́." Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Àràárọ̀ ni mò ń tàn án, tí mo ń retí kó wúkọ́. Kì í wúkọ́. Mo gbá a létí títí, ọwọ́ dùn mí. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ti dára jù, ẹ̀gbọ́n, ó ń bí mi nínú."

Bun-hai sún mọ́ tábìlì. Ọ̀gá Kékeré yọjú láti yàrá rẹ̀, ó wò wọ́n, ó sì ní ọgbọ́n láti padà sẹ́yìn.

"Ẹnu mi ló bàjẹ́," Bun-hai wí. "Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti bàjẹ́, àbúrò."

Guat-bi yọ awò ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ọjọ́ náà kò tíì dé ààbọ̀.

"Bun-hai," ó ní, "má pè mí ní àbúrò mọ́."