Táyé Náà Ní Ọ̀rọ̀ Láti Sọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Barking, ní London níbí, lọ́jọ́ Sunday tó kọjá. Títí di ìsinsìnyí, ara mi ò tíì balẹ̀!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mò ń ṣe Master's lórí ogun àti bí wọ́n ṣe ń ran àwọn tógun lé kúrò nílé lọ́wọ́. Dissertation ló kù. Mo nílò ìtàn ẹni tógun ṣojú ẹ̀ gan-an, mo sì rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní River Road: màmá kan tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé. Ọmọdé ni àwọn àti Táyé, ìkejì wọn, nígbà ogun abẹ́lé ilé wa. Kẹ́hìndé nìkan ló jáde ní àgọ́ ogúnléndé.

Lẹ́yìn ìsìn, a jọ lọ sí flat wọn ní Abbey, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn wa. Màmá jókòó, wọ́n fi àga kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n gbà kí n gba ohùn àwọn sílẹ̀, torí supervisor mi ti kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ lo ìtàn ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ. Ni mo bá tan fóònù. A sọ̀rọ̀ díẹ̀, ni èmi ọ̀mọ̀wé bá ní, "Màmá, báwo ni Táyé ṣe kú?"

Yéè! Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìbejì, lójú ìkejì ẹ̀? Ìwé ti fẹ́ yí mi lórí!

Màmá ò bínú. Wọ́n kàn yíjú sí àga òfìfo yẹn, wọ́n ní kó má bínú, ọmọdé ni mí. Ni yàrá bá tutù nini, bẹ́ẹ̀ heater ń ṣiṣẹ́ o! Fóònù mi sì ṣú. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò tàn.

Màmá wá ní òun gbà lóòótọ́, àmọ́ ìtàn àwọn méjèèjì ni. Ṣé mo ti bi Táyé?

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ò jẹ́ kó jáde. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Táyé, mo fẹ́ kọ ìtàn yín."

Ọwọ́ kan bà lé mi lórí. Ọwọ́ kékeré, bíi tọmọ nọ́sìrì. Mo yọjú wo Màmá: ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí itan wọn! Orí mi wú.

Màmá dẹ etí, omijé ń dà lójú wọn. "Ó ní rárá o, ọmọ mi. Ó ní kò gbọdọ̀ wọnú ìwé. Ó ní o ṣeun tó o béèrè."

Ó dùn mí wọra, mi ò ní purọ́. Deadline ti dé tán! Ni fóònù bá dédé tàn fúnra ẹ̀. Mo pa gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀ rẹ́, ìgbà yẹn ni ọwọ́ náà tó kúrò lórí mi.

Lọ́jọ́ kejì, supervisor mi béèrè ìtàn náà. Mo ní èèyàn méjì ló ni í, ẹnì kan ò gbà. Ó ní kò burú, kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Mo ní onítọ̀hún gan-an ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀kọ́ tèmi nìyẹn: ẹni tógun gbé lọ ló ṣì ni ìtàn ara ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dá yín lóhùn rí tí ẹ ò rójú ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín, kó má lọ jẹ́ pé èmi nìkan ni!