Ibi tí Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́rọ̀ Wà Nínú Ìwé

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sóòrùn ni mo máa ń rántí bí mo bá ṣí ìwé tí ọlọ́rọ̀ kan kọ nípa ara rẹ̀. Mẹ́fà ni mo kà lóṣù yìí, pẹ̀lú ìwé ńlá kan lórí ìtàn báńkì. Ti báńkì ní làákàyè. Ìranù pátápátá ni mẹ́fà yòókù. Olúkúlùkù wọn ní òun nìkan ló gbé ara òun dókè, bí ẹni tí ìyá kankan kò pọ̀n rí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń hun irú irọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti hun ọ̀kan rí.

Olùkọ́ ìtàn ni mí nígbà náà ní yunifásítì wa n'Ífẹ̀. Mo ti ka ìwé àwọn ọlọ́rọ̀ òkè òkun débi pé mo ka ara mi sí ọ̀jọ̀gbọ́n owó, bẹ́ẹ̀ bùbá mẹ́ta péré ni mo ní. Oníṣòwò kòkó kan lọ́nà Edúnàbọ̀n ní kí n bá òun kọ ìtàn ayé òun. Ó ní àdá kan àti Ọlọ́run lòun fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń yí kòkó lórí ẹní nítòsí wa, bú sẹ́rìn-ín.

“Àdá wo? Òṣùwọ̀n ta lo fi ń wọn kòkó? Ta ló kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ, tó wá ń jókòó sínú oòrùn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ á gbọ́ràn. Tíṣà, má kọ ìyẹn o. Ìwé ọkùnrin là ń kọ.”

“Tíṣà, kọ ọ́ o! Kí àwọn ọmọ mi rí i kà.”

Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, ọlọ́rọ̀ kì í ní ẹ̀gbọ́n. Mo yọ obìnrin náà kúrò, mo fi àdá ṣe orí kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìwé náà lójú agbo, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi sì wú.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin náà wá bá mi ní ọ́fíìsì, ìwé lábẹ́ abíyá. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ti ra tirẹ̀.

“Tíṣà, ka ibi tí mo wà fún mi.”

Mo ṣí ìwé. Mo ka òṣùwọ̀n, mo ka ṣọ́ọ̀bù, mo ka oòrùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn lójú ìwé náà. Ó ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn.

“Fi bírò fa ìlà sí i, kí àwọn ọmọ mi tètè rí i.”

Bírò wà lọ́wọ́ mi, n kò rí ibi tí n ó fà á sí. Ó wo ojú mi títí. Ó gba ìwé rẹ̀, ó ní, “Ó dáa,” ó sì lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọlọ́ṣà ni mo pe àwọn ọlọ́rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lóṣù yìí. Ṣùgbọ́n akọ̀wé bíi tèmi, tó bá wọn di ẹrù náà, ni mo kẹ́gàn jù, nítorí òun náà gbọ́ nígbà tí obìnrin náà ń sọ̀rọ̀.