Iná Tí Kò Dé Bátìrì

Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra bátìrì tuntun sínú ọkọ̀ mi àtijọ́, èyí tí mo fi ń kó aṣọ láti Tẹma wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lapaz. Méjèèjì ló kú. Ọmọ ìlú wa ni rìwáyà tó ń tún iná rẹ̀ ṣe ní Darkuman. Nílẹ̀ àjèjì tí a wà yìí, ìdí tí mo fi gbọ́kàn lé e nìyẹn. Nígbà tí bátìrì kejì kú, ó ní átánétọ̀ ló bàjẹ́, ìyẹn ohun tí ẹ́ńjìnì ń yí láti fi fún bátìrì ní iná. Ó yọ ọ́, ó fi èyí tí wọ́n ti lò rí rọ́pò rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ tún kọ̀, kò sítáàtì. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin ẹ kì í pa fáànù, ẹ kì í pa rédíò. Ẹ ò mọ ọkọ̀ lò."

Èmi tí mo ti ń wakọ̀ láti ogún ọdún!

Bàbá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Ga ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì. Èdè Twi, tí gbogbo ìlú ń gbọ́, la jọ máa ń sọ. Ó fi iná bátìrì mìíràn bá mi ṣíná ọkọ̀ náà, ó gbé mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná fún mi, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì. Ó ka fóòtì iná méjìlá àti díẹ̀.

"Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó lé ní mẹ́rìnlá," ló wí. "Ó yá, wọ̀n ọ́n níbi átánétọ̀ fúnra rẹ̀."

Mẹ́rìnlá àti díẹ̀! Iná ń jáde, kò kàn dé bátìrì ni. A pa ẹ́ńjìnì, a tọ wáyà dúdú tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnì lọ. Bóòtì ìdí rẹ̀ ti dípẹtà. A fi sáńpépà ha á, a dè é le. Nígbà tí a tún ṣíná, mítà ka mẹ́rìnlá lórí bátìrì.

Bàbá wò mí. "Ta ló sọ fún ọ pé átánétọ̀ rẹ bàjẹ́?"

Àṣé wáyà yẹn ni láti ìbẹ̀rẹ̀; átánétọ̀ mi tí rìwáyà yọ kò bàjẹ́ rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo já sí Darkuman.

"Átánétọ̀ mi dà?"

"Mo ti jù ú nù, Àǹtí."

Irọ́! Ó wà nínú takisí kan tí wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rìwáyà gan-an. Mo mọ̀ ọ́n: ọ̀dà pupa tó ta sí i lára lọ́jọ́ tí mo ń kun géètì mi, tí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ṣí sílẹ̀ nítòsí, ṣì wà níbẹ̀. Awakọ̀ takisí náà tilẹ̀ ń fi yangàn fún mi pé tuntun láti Tẹma ni wọ́n fi sí i.

Rìwáyà sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ìyá ni wá. Ẹ má fi Twi sọ ọ́."

Ọmọ ìyá! Ṣé ọmọ ìyá ló ń jí nǹkan ara wọn tà? Twi gan-an ni mo fi sọ ọ́, mo sì pariwo rẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ta búrẹ́dì ní òdì kejì títì dìde wá wòran. Awakọ̀ takisí di ẹ̀wù rìwáyà mú, ó ní kó dá owó òun padà. Nínú oòrùn ni èmi àti ọkùnrin yẹn dúró tì í, títí ó fi yọ átánétọ̀ mi, tó sì dá a padà sáyè rẹ̀ nínú ọkọ̀ mi.

Bí mo ti ń wakọ̀ kúrò níbẹ̀, mo gbọ́ tí rìwáyà ń sọ fún àwọn èrò pé obìnrin yẹn ni kò mọ ọkọ̀ lò.