Ìlà Ìyá Alásè Nínú Ìwé Mi

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ilé-ìwé wa ní Niger Street, ní Kánò, èmi ni kọ̀ǹpútà. Ìwé mẹ́fà tí mo bẹ̀rẹ̀, n ò kà á parí, síbẹ̀ èmi tí mo ń ṣọ́ géètì náà ni mo ń kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Mo pín ojú ìwé ńlá kan sí méjì. Apá òsì, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ kọ́kọ́ wọ iṣẹ́. Apá ọ̀tún, ọjọ́ tí wọ́n bá fi kún owó oṣù rẹ. Ti ọ̀tún lè yí padà títí yíǹkì á fi tán, ti òsì kì í yí padà láé. Kálukú á fọwọ́ sí ìlà tirẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀wé á tẹ àtàǹpàkò. Bí wọ́n ṣe ń dé ni mo ń kọ wọ́n tẹ̀ léra, n kì í sì í fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà, torí mo mọ ọmọ aráyé.

Ìwé náà ti rí nǹkan. Lọ́dún kan, àgbàrá gbé e dé àdúgbò Gwagwarwa. Mo lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e, mo sì bá a lẹ́yìn ràkúnmí kan, ó ń sá a sóòrùn. Ràkúnmí ọ̀hún kí mi ní Haúsá. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Irú ìtàn báyìí ló kù díẹ̀ kó ba nǹkan jẹ́ fún ìyá alásè, obìnrin ará Ọ̀fà tó ń se ìrẹsì fún àwọn ọmọ wa láti ìgbà tí orí ilé-ìwé ò tíì bò tán. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ dín kù, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ tó dé kẹ́yìn ni yóò lọ. Akọ̀wé wa, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Kánò níbí, tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Orúkọ ìyá alásè ló kọ́kọ́ jáde.

Ó sáré bá mi ní géètì, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Baba géètì, wọ́n ní January yìí ni mo dé! Ta ni yóò gbà mí síṣẹ́ lọ́jọ́ orí mi yìí?"

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó mi. Kò síbi tí o ń lọ."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, Baba."

Mo gbé ìwé mi, ìyá tẹ̀ lé mi, ó di ọ́fíìsì.

"Sannu, Baba," akọ̀wé kí mi. "Computer no dey lie o."

"Kò purọ́. Ìgbà tí wọ́n fi kún owó oṣù ìyá yìí ní January, ibo lo tẹ ọjọ́ ọ̀hún sí?"

Ó wojú kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àyè ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, orí ọjọ́ tí ìyá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ lé.

"Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ban sani ba." Kò mọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí kò fẹ́ràn àwàdà, ti jáde sí wa. "Baba, ṣé ìwé tí ràkúnmí sá sóòrùn nìyẹn? Ṣé ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ dá ọkọ̀ òfuurufú padà ní Airport Road?"

"Ọkọ̀ òfuurufú lọ́tọ̀, ìwé lọ́tọ̀, ọ̀gá."

Mo ṣí i. Omi ti fọ ọjọ́ tó wà ní ìlà ìyá alásè nù, ó ku àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan. Ìyá bú sẹ́kún.

"Ọ̀gá, ẹ wo ìlà tó tẹ̀ lé e. Ta ló fọwọ́ sí i?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ni, nígbà tó dé bíi tíṣà tuntun, ọjọ́ rẹ̀ sì mọ́ gaara.

"Bí ìyá bá jẹ́ àlejò ọdún yìí," mo ní, "a jẹ́ pé ẹ̀yin ò tíì dé."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí eyín ọ̀gá. "Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó ti wà nídìí iná. Òun ló fún mi lóúnjẹ."

Akọ̀wé mú orúkọ ìyá kúrò lára àwọn tó ń lọ. Ó ya àyè kejì sínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀, ọjọ́ owó lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé mi sí ìlà àkọ́kọ́, tèmi.

"Kai, Baba! Ilé-ìwé never dey by this date now!"

"Ta ló ṣí géètì fún àwọn tó wá kọ́ ilé náà?"

Ìyá alásè kò dúró gbọ́ èsì. Ìrẹsì tó fi sílẹ̀ lórí iná ti jó. Gbogbo wa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọ̀gá sì tún bu ẹ̀ẹ̀kejì.