Sàráà Tí Kò Gbọdọ̀ Ṣẹ́kù

Nínú mọ́sálásí onípákó kan ní Ìkọ̀tún ni mo ti kọ́ ìṣirò. Àáfà wa ti ṣe tíṣà rí. Tí a bá ti ké Kùránì tán, á ní ká gbé wàláà sílẹ̀, á wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ òǹkà sára pákó. Ohun tó kọ́ mi níbẹ̀ ni mo fi wọ ilé ìwé gírámà, mi ò sì lè dúpẹ́ rẹ̀ tán lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí mo bá rí mẹ́rìndínlógójì àti méjìdínláàádọ́ta lójú kan, ọ̀fun mi máa ń gbẹ.

Ọdún tí mo wà lọ́dọ̀ Àáfà yẹn ni èéyi pa àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lójú oorun. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na ọwọ́ méjèèjì, kò ní sọ̀rọ̀. Ìyá mi ò fẹ́ sùn mọ́. Ó ń gbẹ lójú wa. Àáfà ní kó ṣe sàráà fún àwọn ọmọdé, kó sì máa ṣàdúrà.

Ìyá mi fi tirẹ̀ kún un. "Iye kan náà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbà. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù, ẹnu àwa ará ilé ò sì gbọdọ̀ kàn án. Tí ẹyọ kan bá padà wọlé, àbúrò rẹ náà á tẹ̀lé e wá."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dín àkàrà méjìdínláàádọ́ta. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́ mẹ́rìndínlógójì.

"Ìwọ alákọ̀wé, ọmọ mélòó la máa pín in fún?"

"Mẹ́fà, Màámi. Àkàrà mẹ́jọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà."

"Mẹ́fà péré? Ẹni tó jẹ àkàrà mẹ́jọ, ṣé àdúrà ló máa ṣe àbí á sùn? Wò ó dáadáa jàre."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣe é bí Àáfà ṣe kọ́ wa. Mo fi igi kọ gbogbo òǹkà tó pín méjìdínláàádọ́ta láìṣẹ́kù sórí ilẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlélógún, títí kan òun fúnra rẹ̀. Mo kọ ti mẹ́rìndínlógójì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wá fa ìlà sábẹ́ àwọn tó wà níhà méjèèjì. Mẹ́fà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló tóbi jù.

"Méjìlá! Àkàrà mẹ́rin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín látọjọ́ ìsìnkú. A di í sínú ọ̀rá méjìlá.

Ilé ò pọ̀ lọ́nà Ìgàndó nígbà náà. Mo rìn títí kí n tó rí ọmọ mọ́kànlá. Ìkejìlá ti nawọ́ gbà á nígbà tí ìyá rẹ̀ pariwo lójú fèrèsé.

"Wọlé kíá! Ta ló ní kó o jẹ sàráà? Ṣé wọ́n fi orúkọ Jésù dín in ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àkàrà lásán ni."

"Àkàrà òkú! Gbé e padà fún ìyá ẹ."

Ìyẹn gan-an ni mi ò lè ṣe. Mo tún rìn, àgbàlagbà nìkan ni mò ń bá pàdé. Mi ò lè dà á nù, nítorí ìyẹn náà, ó ṣẹ́kù ni. Mo bá lọ sẹ́yìn mọ́sálásí, níbi tí omi àlùwàlá ń ṣàn sí. Mo jẹ ẹ́ tán, àkàrà mẹ́rin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, láìmu omi.

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ó tán?"

"Ó tán, Màámi."

Ó sùn lọ́jọ́ náà, ó sùn wọra. Nígbà tó jí, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo rí i. Kò nawọ́ mọ́. Ó ń fọwọ́ pa ikùn, ó ní òun ti yó." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ìṣirò rẹ pé. Ọlọ́run á fi kún ìmọ̀ rẹ."

Mo mú ọwọ́ kúrò lórí ikùn mi. Mo ní, "Àmín."